“Corel Wo Lẹ Fi Ṣe É?”

Ní Ṣómólú l'Ékòó, ariwo máàṣíìnì ìtẹ̀wé kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni o, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò sóbò ni o, iwájú kọ̀ǹpútà kan tí eruku bébà ti bò ló máa kọ́kọ́ dúró sí. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lè má béèrè orúkọ rẹ̀. Ohun tó máa béèrè ni pé, “Corel wo lẹ fi ṣe é?”

Ìbéèrè yẹn nídìí. Tó bá jẹ́ CorelDRAW tuntun ni wọ́n fi ya iṣẹ́ náà, tí ti àtijọ́ sì wà nídìí máàṣíìnì, fáìlì ò ní ṣí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń séèfù rẹ̀ wálẹ̀ sí ẹ̀dà àtijọ́ kó tó kúrò nílé. Á tún tẹ Ctrl àti Q, kí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ lè di ìlà lásán, torí fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè má sí lórí ti onítẹ̀wé. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹnì kan bá wá rí i pé wọ́n gbàgbé àmì ohùn lórí orúkọ ìyá ìyàwó, kò sí lẹ́tà níbẹ̀ mọ́ tí wọ́n lè tún tẹ̀. Ìlà ló kù.

Ẹ wá jẹ́ kí ọmọbìnrin kan wọlé, kó yọ MacBook nínú báàgì. Ó rà á nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbé e dalẹ́ nígbà tí kò bá síná, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì ti sú u. Affinity Designer ló fi ya káàdì ìpè tó gbé wá, iṣẹ́ náà sì dáa lójú. Ọ̀gá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo fáìlì, ó wo ọmọbìnrin, ó ní, “Àǹtí, ẹ lọ bá wa fi Corel gbé e wá.” PDF wà lọ́wọ́ Àǹtí, PDF á sì tẹ̀ jáde. Àmọ́ fáìlì tó ṣeé tú palẹ̀ ni ọ̀gá ń fẹ́. Ó fẹ́ to káàdì mẹ́jọ sórí bébà kan, ó fẹ́ ya àwọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì mọ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni oníbàárà á pè pé àwọn ti yí gbọ̀ngàn padà.

Mi ò rí ẹni tí màá dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó ká wọn mọ́ síbẹ̀ ti wà láyé kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà, iṣẹ́ gíráfíìkì nìkan kọ́ ló sì kàn. Ó kan ayàwòrán ilé, ó kan ẹni tó ń ṣe orin, ó kan oníṣirò owó tó gbọ́n bí ejò nínú Peachtree tí kò sì lè gbé e sórí Mac, ó kan awọnlẹ̀ tí ArcGIS Pro ò fún ní ibòmíràn àyàfi Windows.

Kí ló dé tí sọ́fítíwíà kan á máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí tí kò ní ṣiṣẹ́ lórí tọ̀hún? Nǹkan méjì ló fà á. Ọ̀kan ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: èyí tí Intel ṣe ò gbọ́ àṣẹ tí wọ́n kọ fún irú èyí tí wọ́n ń pè ní ARM. Ìkejì ló le jù. Sọ́fítíwíà kì í dá ṣe ohun gbogbo. Tó bá fẹ́ ṣí fèrèsé, tó fẹ́ kọ lẹ́tà sójú rẹ̀, tó fẹ́ tọ́jú fáìlì, tó fẹ́ bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, Windows tàbí macOS ló ń bẹ̀ níṣẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń bẹ Windows kọ́ ni wọ́n ṣe ń bẹ macOS. Sọ́fítíwíà tó ti lo ogún ọdún nílé Windows mọ ibi tí iyọ̀ wà, ó mọ ilẹ̀kùn tó ń há. Tó bá dé ilé macOS, àlejò ni. Èyí tí wọ́n kọ tààrà fún ilé tó wà ni mo ń pè ní ọmọ onílé nínú àpilẹ̀kọ yìí. (Mi ò sọ ti àwọn tó ń gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé o.)

Corel gan-an nìtàn tó dáa fún ọ̀rọ̀ yìí. Ottawa ní Kánádà ni Michael Cowpland ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1985. CorelDRAW àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1989, Windows ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Nígbà yẹn, Macintosh ni ilé àwọn ayàwòrán: PageMaker ti wà níbẹ̀ láti 1985, Illustrator láti 1987. Corel yan àdúgbò tí èrò ò tíì pọ̀ sí, ó sì kọ́lé sílẹ̀ de èrò. Nígbà tí Windows gbòde kan, Corel bá a gbòde. Nílẹ̀ wa, kọ̀ǹpútà Windows, tí tòkunbọ̀ pọ̀ jù nínú wọn, ló kún ọjà. Wọ́n ń ta CD Corel ní Computer Village ní Ìkẹjà ní owó tí ọmọṣẹ́ lè san. Ẹni tó lọ kọ́ gíráfíìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá, Corel ni ọ̀gá mọ̀, Corel náà ni ọmọṣẹ́ máa mọ̀, nígbà tó bá sì gba òmìnira, Corel ni òun náà á fi kọ́ tirẹ̀.

Kì í ṣe pé Corel ò dé orí Mac rí o. Ẹ̀dà 6, 8, 10 àti 11 jáde fún Mac. Lẹ́yìn ẹ̀dà 11, tó jáde ní 2002, ilé-iṣẹ́ náà dákẹ́, ó di 2019 kí CorelDRAW tó tún yọjú níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2002 ti tó WAEC í ṣe. Nínú ọdún 17 yẹn, ẹni tó bá fẹ́ràn Mac, tó sì ń báwọn onítẹ̀wé Ṣómólú ṣe, kọ̀ǹpútà méjì ló ń rà, tàbí kó máa lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ tó ní Windows.

Ti Linux tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ní 1999, Corel fúnra rẹ̀ gbé Linux tirẹ̀ jáde. Ní 2000, ó gbé CorelDRAW 9 jáde fún Linux. Kò tún kóòdù rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wine ló lò, ìyẹn sọ́fítíwíà tó máa ń dúró bí ògbufọ̀ láàárín ohun tí wọ́n kọ fún Windows àti ilé tí kì í ṣe Windows. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Microsoft fi mílíọ̀nù 135 dọ́là sínú Corel. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Corel ti ta Linux rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí kálukú so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ bó bá ṣe wù ú. CorelDRAW ò tún jáde fún Linux mọ́.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Mi ò gbà. Láti ní ẹ̀dà méjì, ilé-iṣẹ́ á gba oníṣẹ́ kóòdù lọ́nà méjì, á dán iṣẹ́ wò lọ́nà méjì, á sì ní èèyàn tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà lọ́nà méjì. Iye àwọn tó máa sanwó ni wọ́n ń kà. Ibí yìí la ti ń pàdánù nílẹ̀ wa láìmọ̀: gbogbo Corel tí a rà ní ojú ọ̀nà, tí kọ́bọ̀ ò dé Ottawa nínú rẹ̀, kò sí nínú ohun tí wọ́n kà. Onítẹ̀wé àti oníbàárà lè sọ Corel di èdè tí gbogbo Ṣómólú ń sọ, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó ní Kánádà láti pinnu ẹ̀dà tó kàn, ohùn Ṣómólú ò sí ní tábìlì.

Nígbà mìíràn, owó náà kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Emagic, ilé-iṣẹ́ ará Jámánì tó ni Logic, sọ́fítíwíà tí àwọn olórin fi ń gba ohùn sílẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Apple ní oṣù keje ọdún 2002. Apple sọ lọ́jọ́ náà pé ó lé ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún Emagic tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo Mac wá, àti pé ẹ̀dà Windows máa dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹ ṣírò èyí tó kù nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà nìkan ò ní fẹsẹ̀ ta irú owó bẹ́ẹ̀ nù. Apple ń ta kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, Logic sì di ìdí kan tí olórin á fi ra Mac. Bákan náà ni Final Cut: ọwọ́ Macromedia ni Apple ti rà á, ó jáde ní 1999, kò sì gbé orí Windows lọ́jọ́ kan.

Ayàwòrán ilé ló jẹ ìyà yìí pẹ́ jù. AutoCAD jáde ní 1982. Ó dé orí Mac kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, ó bá a débi ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní Release 12 níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Autodesk bá kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ọdún 2010 ló padà wá, nígbà tó sì padà, kì í ṣe gbogbo ẹrù ló bá a bọ̀; àwọn ohun èlò kan tó wà fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti ayàwòrán ilé ṣì wà lórí Windows nìkan. Revit, tó ti gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ńlá, tí Autodesk rà ní 2002 ní mílíọ̀nù 133 dọ́là, kò ní ẹ̀dà Mac títí di òní. Àwọn tí kò fẹ́ fi Mac sílẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ ArchiCAD, tí Graphisoft ní Budapest, ní Họ́ngárì, bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà Apple. Ilé ìsádi tó dáa ni, títí ọjọ́ tí ẹnjiníà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á fi ránṣẹ́ pé, “Ẹ fi Revit rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.”

Mo fẹ́ràn ìtàn SolidWorks nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nídìí rẹ̀. Jon Hirschtick bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà ní 1993, sọ́fítíwíà náà sì jáde ní 1995. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà Unix olówó gọbọi ni àwọn tó ń ya ẹ̀yà ẹ̀rọ ń lò. Hirschtick sọ pé òun á gbé irú iṣẹ́ yẹn wá sórí kọ̀ǹpútà Windows tí kò wọ́n, gbogbo ohun tí Windows ní ló sì fi mọ ilé rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di olówó nìyẹn, òun náà ló so ó mọ́lẹ̀: SolidWorks ò lè kúrò lórí Windows láìwó ìpìlẹ̀. Dassault ti ilẹ̀ Faransé rà á ní 1997. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2012 láti dá Onshape sílẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú buráwúsà, tí kò bìkítà bóyá Mac lo gbé wá, bóyá Linux, bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ́ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló wá lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ láti kọ́ ilé tí kò ní ògiri.

Àmọ́ kí a má rò pé kí ẹ̀dà ṣáà ti wà ti tó. Ní 1994, Microsoft gbé Word 6 jáde fún Mac. Kóòdù Windows ni wọ́n gbé wá síbẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ Mac bò lójú. Ó ń wọ́ bí ìgbín, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ń hùwà bí ti Windows, àwọn tó ń lò ó bínú débi pé ọ̀pọ̀ wọn há mọ́ Word 5.1 tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Ó di Office 98 kí Microsoft tó fi ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọ̀tọ̀ ṣe èyí tó mọ ilé. Tí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì, kí n máa lo àlejò tó ń hùwà bí ẹni pé òun ló nilé, tàbí kí n má ní nǹkan kan, màá ronú jinlẹ̀ kí n tó dáhùn.

Ẹni tó bá sì pẹ́ jù, ọjà á ti tú. QuarkXPress ló ń jọba lórí ìtẹ̀wé ìwé ìròyìn jákèjádò ayé ní àwọn ọdún 1990, ìjọba náà sì le débi pé kò sẹ́ni tó rò pé ó lè wó. Apple gbé Mac OS X jáde ní oṣù kẹta ọdún 2001. InDesign ti Adobe di ọmọ onílé níbẹ̀ ní 2002. Quark ò dé títí di 2003. Láàárín ọdún kan sí méjì yẹn, àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ní láti ra kọ̀ǹpútà tuntun bi ara wọn léèrè ohun tí wọn ò bi ara wọn rí: ṣé dandan ni Quark? Ìbéèrè yẹn gan-an ló wó Quark.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà máa ń fa wàhálà yìí, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé wọn. Ní 2007, Apple yí ọkàn padà lórí ọ̀nà kan tí Adobe ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ gbà, àwọn ayàwòrán tó wà lórí Windows sì gba Photoshop tó lè lo ọ̀pọ̀ mẹ́mórì ní 2008, nígbà tí àwọn ti Mac dúró di 2010. Mac ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ bí Photoshop, ní 1990.

Àwọn tí kò rí ọmọ onílé ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ní 1997, Connectix ta Virtual PC, tó ń kọ́ odidi kọ̀ǹpútà Intel tí kò sí láyé sínú Mac. Windows á ṣí lóòótọ́, àmọ́ wàá lè pọn omi dé kó tó ṣí tán. Nígbà tí Apple bọ́ sórí ọpọlọ Intel ní 2006, ó fúnra rẹ̀ gbé Boot Camp jáde ní oṣù kẹrin, Parallels sì tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Àsìkò ìdẹ̀ra nìyẹn fún ayàwòrán ilé tó ń lo Mac, ó sì tó ọdún 14. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Apple bọ́ sórí ọpọlọ tirẹ̀ tó jẹ́ irú ARM, Boot Camp ò sì bá a lọ sórí àwọn tuntun. Windows tó wọ inú wọn báyìí jẹ́ ti ARM, tó ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ fún Intel bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó ń ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni ohun tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà, tó nílò dírẹ́fà tirẹ̀, tàbí kọ́kọ́rọ́ USB tí sọ́fítíwíà máa ń wò kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Túmọ̀túmọ̀ ò dé ibẹ̀.

Àwọn ti Linux ní Wine, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, tó wá di ẹ̀dà 1.0 ní oṣù kẹfà ọdún 2008. Ọdún 15! Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé ńlá ni wọ́n ń tún kọ́ láìrí àwòrán rẹ̀, tí onílé sì ń sún ògiri kiri ní gbogbo ìgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù àwòrán ẹ̀fẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kó iṣẹ́ wọn bọ́ sórí Linux, Photoshop ni wọ́n ń sunkún. Photoshop ti gbé nílé Unix rí, Adobe sì ti kó o jáde níbẹ̀. Disney àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ò bẹ Adobe mọ́. Wọ́n sanwó fún CodeWeavers, àwọn tó ń fi Wine jẹun, kí wọ́n mú Photoshop 7 ṣiṣẹ́ lórí Linux. Bí Disney pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀ bá lè wà nípò yẹn, kí ni kí ọmọbìnrin tó gbé MacBook wá sí Ṣómólú máa bínú sí?

Buráwúsà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí báyìí gẹ́gẹ́ bí òpin ọ̀rọ̀. Figma ti jẹ́ kí ẹni tó ń ya ojú áàpù gbàgbé pé Windows àti Mac ń jà. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ra dátà ní gígì kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé ilé tí kò ní ògiri yẹn, òpó kan ló gbé e dúró, òpó náà sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, CD Corel tí ọ̀gá rà ní 2010 ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n tún gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rò ni iṣẹ́ mónógíràmù. Ẹni tó ń fi máàṣíìnì kó iṣẹ́ sí ọrùn agbádá, Wilcom ló máa ń dárúkọ fún ẹ, sọ́fítíwíà àwọn ará Sydney tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows nìkan, tó tiẹ̀ ń gbé CorelDRAW lọ́wọ́. Lójú, wàhálà kan náà ni. Àmọ́ wo ohun tí máàṣíìnì ń jẹ. DST ni, fáìlì tó ti ọ̀dọ̀ Tajima, ará Japan tó ń ṣe máàṣíìnì, wá. Ó rọrùn débi pé ó dunni: gbé abẹ́rẹ́ síwájú báyìí, gún un, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, gún un, gé òwú. Ìgbésẹ̀ kan ò lè gùn ju mìlímítà 12.1 lọ. Kò mọ àwọ̀ òwú pàápàá. Oníṣẹ́ ló ń yan ìyẹn nídìí máàṣíìnì. Nítorí pé ó rọrùn, tí gbogbo ayé sì mọ bó ṣe rí, àwọn èèyàn kọ Ink/Stitch, ọ̀fẹ́ ni, ó ń gbé inú sọ́fítíwíà ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Inkscape, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. DST tó bá jáde nínú rẹ̀, máàṣíìnì ò ní béèrè kọ̀ǹpútà tó ti wá. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún oníṣẹ́ ọrùn agbádá pé, “Lọ fi Wilcom gbé e wá.”

Ní tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe sọ́fítíwíà ló de ọmọbìnrin yẹn mọ́lẹ̀ ní Ṣómólú. CDR ló dè é, fáìlì tí Corel nìkan mọ inú rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé àwọn afínnúfíndọ̀ kan tú CDR wò láìjẹ́ pé Corel fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n, débi pé LibreOffice ń ṣí i láti 2012, Inkscape náà sì ń gbìyànjú. Wọ́n lè ka púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kì í kọ ọ́.

Mo mọ ohun tí oníṣẹ́ mónógíràmù máa fi já mi nírọ́. DST dà bí ẹ̀bà tí wọ́n ti tẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di gààrí mọ́. Tó o bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọrùn náà tóbi sí i, DST á kàn na àwọn ojú abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ ni, ìlà á sì máa já síra. Fáìlì EMB ti Wilcom ló mọ̀ pé òdòdó ni ohun tó wà níbẹ̀, tó sì lè fi ojú abẹ́rẹ́ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni PDF ṣe rí sí CDR. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayàwòrán ilé ṣe ní IFC, irú fáìlì tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan, tó sì ń gbé ògiri àti fèrèsé láti ArchiCAD lọ sí Revit. Ògiri á dé, àmọ́ ó lè má rántí mọ́ pé tí wọ́n bá sún òun, fèrèsé inú òun gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òun. Ẹ̀bà la ń fi ránṣẹ́ síra wa, kálukú sì ń tọ́jú gààrí tirẹ̀ sínú àpò tí a so lẹ́nu.

Nítorí náà, tí ẹnì kan bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tó sì bi mí, mi ò ní bi í pé sọ́fítíwíà wo ló fẹ́ràn. Màá bi í pé ta ni yóò gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀, kí sì lẹni yẹn ń fẹ́ fi ṣe. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń parí, bí i ti ẹni tó ń ṣe fíìmù tó lè jókòó ti DaVinci Resolve tàbí Blender, kó ra èyí tó wù ú, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ onílé ní Windows, ní Mac, ní Linux. Flow, fíìmù àwọn ará Latvia tó gba Oscar ní 2025, Blender ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ ń gbà kọjá, kó lọ wo kọ̀ǹpútà ẹni yẹn kó tó náwó.

Ní Ṣómólú, Àǹtí ò padà sílé lọ wá Corel. Ọ̀gá gba PDF náà, ó sì fà á wọ inú Corel tirẹ̀. Àwòrán wọlé dáadáa. Lẹ́tà ò wọlé bó ṣe yẹ. Ẹ́ àti ọ́ tiwa yìí ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún wọn nínú Unicode. Ẹ tó ní àmì lábẹ́ wà, àmọ́ àmì ohùn orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀, nígbà tí Corel sì tú PDF náà, gbogbo àmì yẹn jábọ́ kúrò lórí lẹ́tà wọn, wọ́n fọ́nká sójú káàdì bí ìrẹsì. Ọ̀gá fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀, ó di máósì mú, ó ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sórí lẹ́tà wọn, ó wá kan orúkọ Ọpẹ́yẹmí.

“Àǹtí,” ó ní, láìgbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, “èyí tó dà sápá òsì yìí, pẹ ló ni ín ni, àbí yẹ?”